Bí a ṣe ń yan tópù sílíńdà fún Datsun 280Z àti 280ZX kí ó lè bá písítìnì mu

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn tó ní Datsun Z àtijọ́ máa ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó yanjú. Iṣẹ́ náà ni rírọ́pò tópù sílíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì tó bo sílíńdà lókè, tó ti sán tàbí tó ti tẹ̀. Wọ́n á lọ sí ọjà, wọ́n á ní tópù L28 (L28 ni orúkọ ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ yìí) ni àwọn ń wá, ẹni tó ń tajà á sì gbé L28 lé wọn lọ́wọ́. Kò parọ́ fún wọn, nítorí L28 ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tópù L28 ju oríṣi kan lọ, kòtò inú wọn, níbi tí epo ti ń jó, kò sì gba iye kan náà. Nígbà tí wọ́n bá dé e tán ni wọn yóò tó mọ̀ pé ọkọ̀ náà ń dún lódìlódì, tàbí pé kò lágbára mọ́.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Mo ra tópù N42 kan (N42 ni àmì tí wọ́n dà mọ́ ara oríṣi tópù L28 kan) fún 280ZX tí a ń tún ṣe ní Adó-Èkìtì. Ó mọ́, fáàfù rẹ̀ dára, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Nígbà tí a gbé ọkọ̀ náà gba Arámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, bí a ti ń gun òkè ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí ènìyàn ń mi owó ẹyọ nínú agolo mílíìkì. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àsẹlérétọ̀, ìró náà dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Tópù yẹn kò ní àrùn kankan lára, písítìnì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni kò bá a mu. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí fi dúró lórí ohun kan: ẹ wo písítìnì kí ẹ tó lọ wá tópù.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Ẹ má tú nǹkan kan títí gbogbo ohun wọ̀nyí yóò fi pé níwájú yín:

- síríńjì ńlá tó gba mílílítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ẹ lè rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn;
- pásípẹ́ẹ̀sì pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ ju kòtò inú tópù lọ, tí ẹ ti lu ihò kékeré kan sí;
- gírísì, karosíìnì, àti ẹfun tí ẹ lọ̀ kúnná;
- irin kan tó tọ́ ṣánṣán, tó sì gùn tó tópù láti orí dé ìdí, pẹ̀lú fílà géèjì, ìyẹn irin tín-ín-rín tí a fi ń wọn àyè;
- igi pẹlẹbẹ kan tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti àáké, tí a so okùn mọ́, láti fi há ṣéènì;
- sípánà tọ́ọ̀kì. Ẹ yá a bí ẹ kò bá ní, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi agbára apá lásán dípò rẹ̀;
- gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù (páìpù tí èéfín ń gbà kúrò lára tópù) tí ẹ bá tú kúrò lára tópù àtijọ́. Ẹ má sọ ọ́ nù, yóò wúlò lọ́jà.

Ìpele 1: Ẹ tú tópù àtijọ́ láì jẹ́ kí ṣéènì já bọ́

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí tópù alumíníọ́mù tí a tú nígbà tó gbóná lè tẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí písítìnì kìn-ín-ní yóò fi dé òkè pátápátá, kí ẹ sì fi kíkùn sàmì sí ṣéènì táímìn àti irin eléyín tó gbé e. Lẹ́yìn èyí, ẹ ki igi yẹn bọ àárín ṣéènì láti òkè, kí ẹ sì tì í títí yóò fi há gírígírí.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tí kò mọ ẹ́ńjìnnì yìí ti ń ṣìṣe. Bí igi kò bá há ṣéènì, ohun tó ń fún ṣéènì náà yóò yọ jáde kúrò ní àyè rẹ̀ ní kété tí a bá tú irin eléyín òkè, kò sì sí ọ̀nà láti dá a padà láì tú gbogbo iwájú ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ tó yẹ kó gba ọjọ́ kan yóò wá di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Bọ́ọ̀tù 14 ló di tópù náà mú. Ẹ máa tú wọn díẹ̀díẹ̀ láti ìpẹ̀kun méjèèjì wá sí àárín. Gígùn wọn kò dọ́gba, nítorí náà ẹ gún ihò 14 sí ara páálí kan, kí ẹ sì fi bọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Ẹni méjì ni kí ó gbé tópù náà sókè.

Àyẹ̀wò: ẹ fa okùn igi yẹn díẹ̀. Bí kò bá mì, ẹ lè tẹ̀síwájú.

Ìpele 2: Ẹ mọ irú písítìnì tó wà nísàlẹ̀

Oríṣi méjì ni ẹ ó bá pàdé nínú L28. Èkíní ni písítìnì tí orí rẹ̀ ní kòtò bí àwo ọbẹ̀, èkejì sì ni èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ tópù, ní àmì tirẹ̀, ẹ má sì pa N42 ti búlọ́ọ̀kù pọ̀ mọ́ N42 ti tópù. Èyí tí wọ́n kọ N42 sí lára sábà máa ń ní oníkòtò, èyí tí wọ́n kọ F54 sí, láti ọdún 1981 sí 1983, sì sábà máa ń ní písítìnì pẹrẹsẹ. Àmọ́ búlọ́ọ̀kù F54 tó wá láti inú ọkọ̀ tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì) ní písítìnì oníkòtò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni sì lè ti pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sí ara búlọ́ọ̀kù gbọ́ láì wo písítìnì fúnra yín.

Ẹ fi karosíìnì àti igi rírọ̀ ha èédú orí písítìnì kúrò títí irin yóò fi hàn. Èédú máa ń kún inú kòtò náà débi pé písítìnì oníkòtò á jọ pẹrẹsẹ lójú ẹni tó ń kánjú, èyí sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé irin tó tọ́ dábùú orí písítìnì, kí ẹ sì tan iná sí i láti ẹ̀yìn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ ní àárín lábẹ́ irin náà, oníkòtò ni.

Àyẹ̀wò: ẹ fi síríńjì rọ karosíìnì sínú kòtò písítìnì náà títí yóò fi kún dé etí. Ti L28 máa ń gba nǹkan bíi mílílítà 11. Bí tiyín bá gba 3 tàbí 4 péré, èédú ṣì kù níbẹ̀. Ẹ wò ju písítìnì kan lọ.

Ìpele 3: Ẹ ṣírò kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n kí ẹ tó náwó

Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n ni bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó, ìyẹn ìlọ́po mélòó ni àyè wọn fi ń dín kù, kí iná tó ràn wọ́n. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ihò sílíńdà L28 fẹ̀ tó mílímítà 86, písítìnì rẹ̀ ń rin mílímítà 79 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí náà sílíńdà kan ń gba nǹkan bíi mílílítà 459. Ẹ wá ro gbogbo àyè tó ṣẹ́ kù lórí písítìnì nígbà tó bá dé òkè pọ̀. Àwọn ni kòtò inú tópù, àyè tí gásíkẹ́ẹ̀tì dá sílẹ̀, tó tó bíi mílílítà 7, àti kòtò orí písítìnì bó bá ní. Písítìnì máa ń yọrí díẹ̀ kọjá ojú búlọ́ọ̀kù, nítorí náà ẹ yọ nǹkan bíi 3 kúrò. Ẹ fi iye tí ẹ bá rí kún 459, kí ẹ sì fi iye yẹn kan náà pín in.

Kòtò inú tópù N42 àti N47 ń gba mílílítà 44.6. Ti P79 àti P90 ń gba 53.6. Mílílítà mẹ́sàn-án péré ló wà láàrin wọn, àmọ́ òun ló ń pinnu bóyá ọkọ̀ á gun òkè tàbí kò ní gùn ún.

Bí a bá dé N42 lórí písítìnì pẹrẹsẹ, àyè tó kù jẹ́ nǹkan bíi 48.6, kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ yóò sì ju 10 lọ. Èyí ni mo ṣe tí owó ẹyọ fi ń dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mi. Bí ó bá jẹ́ P79 ni a dé lórí písítìnì pẹrẹsẹ, àyè náà yóò tó 57.6, kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n yóò sì súnmọ́ 9, èyí tí kò jìnnà sí 8.8 tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kọ fún un. N42 lórí písítìnì oníkòtò yóò wà láàrin 8 sí 9, 8.3 ni ilé-iṣẹ́ náà kọ. Èyí tó kù ni P90 lórí písítìnì oníkòtò, tí yóò jẹ́ nǹkan bíi 7 àti ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é fún ọkọ̀ tó ní tọ́bò, nítorí tọ́bò ni yóò ti afẹ́fẹ́ wọlé. Bí ọkọ̀ yín kò bá ní tọ́bò, yóò kàn máa rá pálá lórí òkè ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ nípa ọkọ̀ yìí yóò ti rí i pé wọ́n fẹ́ràn N42 lórí písítìnì pẹrẹsẹ. Epo wọn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Níbi tí wọ́n wà, ènìyàn lè yan epo tí kì í tètè gbiná fúnra rẹ̀ ní ilé epo. Ní ọ̀dọ̀ wa, oríṣi pẹtiróòlù kan ṣoṣo ló wà ní ọ̀pọ̀ ilé epo, yálà ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìjerò, òkè tí a sì ń gùn pọ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni tó ń wa ọkọ̀ yìí ní Èkìtì má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ kọjá 9. Ìró owó ẹyọ yẹn kì í ṣe ariwo lásán. Epo ló ń gbiná lódìlódì, bí a bá sì fi í sílẹ̀ pẹ́, yóò jẹ orí písítìnì, yóò sì jó gásíkẹ́ẹ̀tì.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ sínú ìwé kí ẹ tó jáde nílé, bíi "Písítìnì mi pẹrẹsẹ, P79 tàbí P90 ni mo ń wá." Bí ẹ kò bá tíì lè kọ ọ́, kò tíì yẹ kí ẹ lọ sí ọjà.

Ìpele 4: Ẹ dá tópù náà mọ̀ lọ́jà

Bóyá Ládìpọ̀ ní Mushin ni ẹ lọ o, bóyá ẹni kan ló ń bá yín kó o wá láti òkè òkun, ẹ wá àmì tí wọ́n dà mọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ tópù náà: N42, N47, P79, P90. Bí kíkùn tàbí ọ́ìlì bá bò ó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́. Patrol àtijọ́ kan wà tó lo L28 pẹ̀lú, nítorí náà pé ẹni tó ń tajà sọ "L28" kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ wá wo ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ti N42 àti P90 jẹ́ onígun mẹ́rin, ti N47 àti P79 sì rí róbótó pẹ̀lú irin tín-ín-rín tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Ẹ gbé gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ẹ mú wá lé e. Bí ihò kò bá kojú ara wọn, mánífóòdù yín yóò máa jò níbẹ̀, ẹ ó sì tún náwó lórí mánífóòdù mìíràn. Nínú P79 àti P90, P90 ni mo fẹ́ràn jù fún písítìnì pẹrẹsẹ tí kò ní tọ́bò, nítorí ihò rẹ̀ kò ní irin àtẹ́sínú tó lè tú. Síbẹ̀, bí owó kò bá tó, P79 tó lera sàn ju P90 tó ti sán lọ.

Ẹ ra tópù tó bá ní kámúṣáfù (ọ̀pá tó ń yí lórí tópù láti ṣí fáàfù) àti rọ́kà (apá kékeré tí kámúṣáfù ń tẹ̀ kí fáàfù lè ṣí) tirẹ̀ lára. Ojú kámúṣáfù àti ti rọ́kà ti jọ jẹ ara wọn mọ́ra láti ọdún pípẹ́, nítorí náà bí ẹni tó ń tajà bá da gbogbo rọ́kà rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, ẹ ka kámúṣáfù náà sí ohun tí kò sí. Ẹ tún wo ojú kámúṣáfù fún ihò ọ́ìlì wẹ́wẹ́. Bí kò bá ní ihò, ó gbọ́dọ̀ ní páìpù tí yóò máa fọ́n ọ́ìlì sí i lórí, kí ẹ sì rí i pé páìpù náà bá a wá.

Àyẹ̀wò: ẹ dojú tópù dé, kí pílọ́ọ̀gì wà ní ojú ihò rẹ̀, kí fáàfù méjèèjì sì pa dé. Ẹ fi gírísì lẹ pásípẹ́ẹ̀sì mọ́ orí kòtò kan, kí ẹ sì fi síríńjì rọ karosíìnì gba ihò rẹ̀ wọlé títí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ kankan mọ́. Iye tó bá gbà yẹ kó súnmọ́ iye tí mo kọ sókè. Bí P79 bá gba 48 dípò 53.6, wọ́n ti fá a púpọ̀, ìṣirò yín sì ti yí padà.

Ìpele 5: Ẹ yẹ ìlera rẹ̀ wò

Ìpele yìí ni kí ẹ lo àkókò yín fún jùlọ. Ẹ gbé irin tó tọ́ lé ojú ìsàlẹ̀ tópù ní òró, ní ìbú, àti ní ìdábùú láti igun dé igun. Fílà géèjì mílímítà 0.1 kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ níbikíbi. Ẹ wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú. Tópù tí wọn kò tíì fá ga tó nǹkan bíi mílímítà 108.

Ṣùgbọ́n kí ìsàlẹ̀ tọ́ kò tó. Ọkùnrin kan gbé tópù kan wá fún mi rí, ó ní, "Ọ̀gá mi, wọ́n ti fá a, kò sí wàhálà kankan lára rẹ̀." Mo gbé irin lé e, ó tọ́ lóòótọ́, fílà géèjì kò wọlé rárá. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi yọ rọ́kà méjèèjìlá, kí ó sì fi ọwọ́ yí kámúṣáfù. Ó yí i títí, kámúṣáfù kò mira. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé tópù náà ti gbóná jù nígbà kan rí, ó sì tẹ̀ bí ọrun. Ẹni tó fá a gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí ó fi tọ́, òkè rẹ̀ sì wà ní títẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà òpó márààrún tó gbé kámúṣáfù kò dúró sórí ìlà kan mọ́. Bí a bá fi irú rẹ̀ sí ọkọ̀, yóò jẹ kámúṣáfù, ó sì lè ṣẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í ra tópù tí n kò bá fi ọwọ́ yí kámúṣáfù rẹ̀.

Ẹ wo etí àwọn ihò omi. Omi lásán ni ọ̀pọ̀ wa ń bù sí rédíétọ̀, omi yìí sì ń jẹ alumíníọ́mù. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tó ṣù, ẹ fi ṣọ́ṣọ́rọ́ irin gún un. Bí irin bá rì síbẹ̀, tàbí bí jíjẹ náà bá ti dé ibi tí òrùka gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Láti mọ̀ bóyá ó sán, ẹ fi karosíìnì kun inú kòtò kọ̀ọ̀kan, pàápàá láàrin ìjókòó fáàfù méjèèjì àti ní àyíká ihò pílọ́ọ̀gì. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ sì bu ẹfun kíkúnná lé e. Bí ó bá sán, karosíìnì tó ti sá sínú rẹ̀ yóò jáde padà, ẹ ó sì rí ìlà dúdú tín-ín-rín kan lára ẹfun náà, bí irun orí. Ẹfun tí wọ́n ń tà lọ́jà Ọba ni mò ń lò, kò sì já mi kulẹ̀ rí.

Àyẹ̀wò: èyí tó dájú jùlọ ni ti afẹ́fẹ́. Ẹ fi rọ́bà àti irin pẹlẹbẹ dí gbogbo ihò omi, kí ẹ fi ẹnu kan sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọganáísà. Kí ó fẹ́ ẹ dé nǹkan bíi 30 psi lórí géèjì rẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, nítorí ibi tó sán máa ń ṣí sí i nínú ooru. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ máa yọ jáde nínú omi náà níbikíbi.

Ìpele 6: Bí ó bá nílò fífá

Kí fífá náà kéré jùlọ. Bí a ti ń gé ìsàlẹ̀ tópù, kámúṣáfù ń súnmọ́ ìsàlẹ̀, ṣéènì ń dẹ̀, táímìn sì ń yẹ̀. Bí gígé náà bá pọ̀, ẹni tó fá a gbọ́dọ̀ gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó iye tó gé kúrò, kí a sì fi í sábẹ́ òpó márààrún. Ẹ tún wọn kòtò rẹ̀ lẹ́yìn fífá, kí ẹ sì tún ìṣirò Ìpele 3 ṣe.

Ìpele 7: Ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e gun òkè

Ẹ nu ihò bọ́ọ̀tù inú búlọ́ọ̀kù gbẹ. Ọ́ìlì tàbí omi tó bá kù síbẹ̀ kò ní àyè láti sá lọ nígbà tí bọ́ọ̀tù bá ń wọlé, ó sì lè la búlọ́ọ̀kù. Ẹ fún bọ́ọ̀tù láti àárín lọ sí ìpẹ̀kun ní ìgbà mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́ kí ó jẹ́ 40 Nm, ìgbà kejì 60, ìgbà ìkẹyìn láàrin 70 sí 83. Ẹ so ṣéènì mọ́ àmì tí ẹ kùn kí ẹ tó yọ igi. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ẹ ṣe àyè fáàfù sí mílímítà 0.25 fún èyí tí epo ń gbà wọlé, àti 0.30 fún èyí tí èéfín ń gbà jáde.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé ọkọ̀ náà kúrò ní Adó ní àárọ̀, ẹ gba Ìyìn àti Ìgẹ̀dẹ̀ lọ sí Arámọkọ láì sáré. Láti ibẹ̀ ẹ gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n ní jíà kẹta, kí ẹ tẹ àsẹlérétọ̀ dáadáa, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí rédíò sì wà ní pípa. Ẹ máa tẹ́tí sí ìró owó ẹyọ, kí ẹ sì máa wo géèjì ooru. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, ẹ ṣí rédíétọ̀, omi gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹ fi í sí. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì pẹ̀lú, kí ẹ sì wo inú rẹ̀. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá funfun bí ògì, omi ti ń wọ inú ọ́ìlì, ẹ má ṣíná ọkọ̀ náà mọ́ títí ẹ ó fi tún tópù náà tú.